Àtùpà Ẹgbẹ̀rún Méjì

Ọjọ́ kẹrin oṣù kejì

Ọmọ mi àgbà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ-ọmọ mi méjèèjì ńkọ́, ṣé òtútù ọ̀hún ò tíì gé wọn létí? Èmi wà. Orúnkún ọ̀tún ń dùn mí, ti òsì sì ti ń gbèjà rẹ̀.

Kí o tó kà á jìnnà, wo lẹ́tà yìí dáadáa. Kì í ṣe aránṣọ ìsàlẹ̀ ilé ló bá mi kọ ọ́. Ọwọ́ ara mi ni. Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin rèé tí mo ti ń lọ sí kíláàsì àwọn àgbà. A jẹ́ mọ́kànlá, mo sì ṣe ipò kejì. Awakọ̀ kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ṣe ipò kìíní, mo sì mọ̀ pé ó ń yọjú wo ìwé mi. Nítorí náà, má pè mí lórí fóònù mọ́. Ọ̀rọ̀ fóònù, afẹ́fẹ́ ní ń gbé e lọ. Bí o bá ní ohun tí o fẹ́ sọ, kọ ọ́, kí n lè kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ nìyí: wọ́n pè mí ní aláìmọ̀wé láàárín ọjà.

Mo fẹ́ ra àtùpà oníná, èyí tó lọ́rùn gígùn bíi ti lékeléke, nítorí iná yàrá mi ò tó fún iṣẹ́ àṣetiléwá. Mo wọ aṣọ ìjáde mi, mo lọ sí ilé ìtajà ńlá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́, alájà mẹ́ta, ibi tí ẹ̀rọ ti ń fẹ́ atẹ́gùn tútù bí ẹni pé òkú ni wọ́n fẹ́ tọ́jú síbẹ̀. Gáàdì onírùngbọ̀n kan tú báàgì mi lẹ́nu ọ̀nà.

Mo ní, "Ọmọ, kí lò ń wá níbẹ̀?"

Ó ní, "Màmá, òfin ni."

Mo ní, "Ẹni tó ń wọlé lò ń tú yìí. O ti rí olè tó ń kó ẹrù wọlé rí?"

Kò rẹ́rìn-ín. Mo wọlé, mo bi ọmọbìnrin kan tó dúró sídìí aṣọ pé níbo ni àtùpà wà. Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sókè, kò la ẹnu. Mo gun àtẹ̀gùn tó ń rìn fúnra rẹ̀, mo di irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú bí ẹni ń lọ sójú ogun. Mo rí àtùpà. Mo rí iye rẹ̀: ẹgbẹ̀rún méjì. Mo kà á fúnra mi, mo sì tún un kà. Inú mi dùn dé ibi pé mo kí àtùpà náà kú ewu.

Mo tò sórí ìlà nọ́ńbà kẹrin. Ọmọbìnrin tó ń gbowó níbẹ̀ kun ètè pupa bí ẹni tó mu epo. Ẹ̀rọ rẹ̀ ké, ó ní, "Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án."

"Mẹ́sàn-án bí ti kí ni? Ẹgbẹ̀rún méjì ni mo rí níbẹ̀."

"Màmá, ẹ̀rọ kì í purọ́."

"Èmi ni mo wá ń purọ́?"

Ó mí kanlẹ̀, ó yí ojú sókè. Ó ní, "Ìwé tí ẹ ò lè kà, ẹ jẹ́ káwọn tó mọ̀wé máa bá yín kà á. Ẹ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, èrò wà lẹ́yìn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan tó wà lẹ́yìn mi ní, "Màmá, búrẹ́dì kan ṣoṣo ni mo mú dání, ẹ má jẹ́ kí n darúgbó sórí ìlà." Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà, orí tèmi gan-an ni wọ́n wọ́.

Mo béèrè ìwé ẹ̀sùn. Wọ́n rò pé eré ni. Wọ́n gbé e wá, wọ́n fi okùn so bírò mọ́ ọn bí ẹni so ewúrẹ́. Mo jókòó, mo kọ ọ́. Mo ti ṣe àdàkọ rẹ̀ fún ọ:

"Èmi ìyá àgbà tó ń gbé lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́ wá ra àtùpà lónìí. Iye tí ẹ kọ kọ́ ni iye tí ẹ ń gbà. Ọmọbìnrin tó wà ní nọ́ńbà kẹrin pè mí ní aláìmọ̀wé. Orúkọ rẹ̀ wà láyà rẹ̀, mo ti kọ ọ́ sísàlẹ̀ yìí. Ẹ lé e. Èmi tí mo kọ èyí mọ̀wé."

Iṣẹ́ tí mo wá fẹ́ rán ọ kò le. Ìwọ náà ń ṣe ọ̀gá ní irú ilé ìtajà bẹ́ẹ̀ lọ́hùn-ún. Kọ lẹ́tà sí ọ̀gá tiwọn, lórí bébà tó ní orúkọ ilé iṣẹ́ rẹ lórí, kí wọ́n mọ̀ pé mo lẹ́nìkan. Kí wọ́n yára lé e. Mo ti sọ fún kíláàsì pé ó ń bọ̀.

Èmi ìyá rẹ ni mo fi ọwọ́ mi kọ ọ́.


Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kejì

Màámi,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé. Ara wa le, àwọn ọmọ ń kí yín. Mo pè yín lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ gbé e, ẹ ní "Kọ ọ́," ẹ sì pa á mọ́ mi létí. Mo ti ń kọ ọ́ báyìí.

Lórí ìdúró ni mo ti ka lẹ́tà yín, nínú ọkọ̀ ojú irin. Inú mi dùn pé ọwọ́ yín lẹ fi kọ ọ́. Inú mi ò dùn sí ohun tí ẹ kọ.

Mi ò lè kọ̀wé sí àwọn èèyàn yẹn. Wọn ò mọ̀ mí. Kò sì yẹ ká máa ní kí wọ́n lé ọmọ ọlọ́mọ lẹ́nu iṣẹ́ nítorí àtùpà. Ó bú yín, kò dáa, ó sì dùn mí. Ẹ jẹ́ kó parí síbẹ̀.

Ohun kan ni mo fẹ́ bi yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn. Bébà iye owó tí ẹ kà yẹn, níbo gan-an ló wà? Ṣé lókè àtùpà ni, àbí nísàlẹ̀ rẹ̀?

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta

Ìwọ ọmọ yìí,

Mi ò kí ọ. Bí o bá ń fẹ́ ìkíni, lọ wo lẹ́tà àkọ́kọ́.

Mo ní kí o wá bá mi pa ejò, o ń bi mí bóyá orí ni mo rí àbí ìrù. Ó dáa, mo dá ọ lóhùn. Òkè rẹ̀ ni bébà náà wà, gangan lókè orí rẹ̀, bíi fìlà. Níbo lo rò pé ó yẹ kó wà? Nínú ìwé kíkà wa, òkè ni ọ̀rọ̀ ń wà, àwòrán a sì wà nísàlẹ̀. Wọ́n á kọ ADÌYẸ, adìyẹ á dúró sábẹ́ rẹ̀. Mi ò tíì rí adìyẹ tó gun orí orúkọ ara rẹ̀. Bí o bá fẹ́ yẹ ìwé mi wò bíi tíṣà, sọ bẹ́ẹ̀.

Ìròyìn mìíràn wà. Mo padà lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mi ò ra nǹkan kan, mo kàn lọ wo ojú wọn. Elétè Pupa ò sí ní nọ́ńbà kẹrin. Gáàdì onírùngbọ̀n rí mi, kò tú báàgì mi lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin lẹ kọ̀wé yẹn? Wọ́n ti ní kó lọ jókòó sílé o, láìgba owó. Ó di ìparí oṣù karùn-ún kí wọ́n tó pinnu bóyá á padà àbí á lọ pátápátá." Mo ní ó ṣeun. Ó tún ní, "Ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn, òun nìkan ló ń tọ́jú rẹ̀." Mo ní kó ti rántí ìyá tirẹ̀ kó tó bú ìyá ẹlòmíràn.

Ṣé o rí i bí bírò ṣe lágbára? Àádọ́ta ọdún ni mo fi ẹnu jà, kò sẹ́ni tó jókòó sílé nítorí mi rí. Mo kọ ìlà márùn-ún, ọ̀ràn délẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kù sí ọ̀dọ̀ rẹ. O jókòó sínú ọ́fíìsì, lórí àga tó ń yí, kí lo mọ̀ nípa ìlà? Kí lo mọ̀ nípa kí èèyàn dúró kí ọmọdé máa sọ òkò ọ̀rọ̀ sí i? Ojoojúmọ́ ni awakọ̀ ń bi mí ní kíláàsì pé, "Màmá, lẹ́tà ọ̀gá dà?" Mo ní ó wà lójú ọ̀nà. O ti sọ mí di òpùrọ́. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ọmọ mi. Èmi, ìhòòhò ni mo jáde.

Kọ lẹ́tà yẹn. Bí o bá kọ̀wé sí mi tí kò sí lẹ́tà yẹn nínú rẹ̀, má kọ ọ́.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin

Màámi,

Mo kí yín. Lẹ́tà tí ẹ ń retí ò sí nínú èyí, ṣùgbọ́n ẹ ó kà á, nítorí mo mọ̀ pé ẹ ò lè rí ohun tí wọ́n kọ kí ẹ má kà á mọ́.

Mi ò ní ọ́fíìsì. Mi ò ní àga tó ń yí. Mi ò ní àga rárá. Ìdí ẹ̀rọ ìgbowó nọ́ńbà keje ni mò ń dúró sí, wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Lọ́dún tí mo dé ibí, mo sọ fún yín pé iṣẹ́ mi wà ní ilé ìtajà ńlá. Ẹ pariwo, ẹ ní "Ọmọ mi ti dọ̀gá!" Ẹ̀yin lẹ fi mí joyè, èmi ni mi ò sọ̀ kalẹ̀. Ìyẹn ni ẹ̀ṣẹ̀ tèmi. Ọkọ mi náà mọ̀, òun ló ní kí n má bà yín nínú jẹ́.

Bébà iye owó ńkọ́? Màámi, etí pẹpẹ ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ohun tó bá jókòó lé orí pẹpẹ náà ló ni ín. Bébà tí ẹ rí lókè àtùpà, ti ohun tó wà lórí pẹpẹ òkè ni. Bébà ti àtùpà wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, níbi tí ẹ ò wò. Mo ti fura láti ìgbà lẹ́tà àkọ́kọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi bi yín. Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ni. Ọmọ yẹn ò rẹ́ yín jẹ.

Ẹ jẹ́ kí n tún sọ èyí tí ẹ ò mọ̀. Ní oṣù kìíní, obìnrin àgbà kan kọ orúkọ mi sínú ìwé. Orúkọ mi wà láyà mi, òun náà dà á kọ lẹ́tà lẹ́tà. Ó ní mi ò rẹ́rìn-ín sí òun. Wákàtí keje ni, Màámi, ẹsẹ̀ mi ti wú, bàtà ń jẹ mí, àbíkẹ́yìn mi sì ń ṣe ibà nílé. Ẹ̀rín wo? Wọ́n fún mi ní ìwé ìkìlọ̀. Ìkejì nìyẹn. Bó bá di ẹ̀kẹta, mo ti délé. Nígbà tí mo ka ohun tí ẹ kọ sínú ìwé ẹ̀sùn wọn, "Ẹ lé e," mo rò pé ọwọ́ obìnrin yẹn ni mò ń wò.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Èyí tí ẹ fi bírò yé ńkọ́?

Ẹ mú awò ojú yín, ẹ lọ wo pẹpẹ yẹn. Lẹ́yìn náà kí ẹ lọ tún ohun tí ẹ kọ kọ.

Ọmọ yín, ti nọ́ńbà keje.


Ọjọ́ kọkànlá oṣù karùn-ún

Màámi,

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ti kọjá. Mo pè, ẹ ò tilẹ̀ gbé e kí ẹ ní "Kọ ọ́" mọ́. Aránṣọ ní ara yín le, pé ẹ ń lọ sí kíláàsì déédéé, pé ojú yín dà bí ilẹ̀kùn tí wọ́n tì pa.

Bí ẹ bá fẹ́ bínú sí mi, ẹ máa bínú sí mi, èmi lẹ bí. Ọmọ yẹn ò lè dúró kí ìbínú yín tán. Oṣù ń parí lọ.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù karùn-ún

Ọmọ mi onírọ́,

Mo kí àwọn ọmọ. Mo kí ọkọ rẹ, ẹni tó bá ọ di irọ́ náà lẹ́rù. Ìwọ, a ó ti rí i ná.

Irọ́ lè lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Tìrẹ lọ fún ọdún mẹ́fà. Tèmi ò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n n ó sọ ọ́, nítorí mi ò ní jẹ́ kí o jẹ́ olóòótọ́ jù mí lọ.

Ọjọ́ kejì tí mo gba lẹ́tà rẹ ti nọ́ńbà keje ni mo lọ síbẹ̀. Mo mú awò ojú mi dání, èyí tí mi ò mú dání lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ yẹn, nọ́ńbà nìkan ni mo kà. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kéré bí èèrà, mo sì fò ó. Mo fi ìka tọ lẹ́tà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó sì jẹ́ GÍLÓÒBÙ. Mo gbójú sókè, gílóòbù ló tò lọ rẹrẹẹrẹ lórí pẹpẹ òkè. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú orúnkún tí o mọ̀ yìí, mo wo abẹ́ àtùpà. Ó wà níbẹ̀. Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ. Ọwọ́ tèmi tó o, ojú mi ni kò tó o.

Mo dìde, mo lọ sílé, mo sì dákẹ́. Ó lé ní oṣù kan tí mo fi mọ̀ tí mo dákẹ́. Mò ń lọ sí kíláàsì, mò ń ka ìwé sókè, tíṣà ń yìn mí, ọmọ ọlọ́mọ jókòó sílé. Mo máa ń sọ fún ara mi pé èébú ni mo fi sùn ún, kì í ṣe iye owó. Ara mi ò gbà mí gbọ́. Lẹ́tà rẹ tó kẹ́yìn ló wá gbé mi dìde, ẹni ibi.

Mo lọ bá máníjà. Ọ̀dọ́kùnrin ni, ó fi okùn sọ́rùn bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fà lọ.

"Màmá, kí lẹ tún fẹ́?"

"Ìwé ẹ̀sùn."

"Ta ló tún ṣẹ̀ yín?"

"Èmi ni."

Ó ní, "Ẹ fẹ́ fi ara yín sùn? Màmá, ìwé ẹ̀sùn ni, kì í ṣe ìwé ẹ̀bẹ̀."

"Bírò ṣì so mọ́ ọn, àbí? Gbé e wá."

Ohun tí mo kọ nìyí:

"Èmi tí mo kọ ẹ̀sùn àtùpà ti padà wá. Iye owó, èmi ni mo ṣì í kà. Ìyẹn tán. Èébú tí ó bú mi, ó bú mi. Ìyẹn ò tán. Ẹ bá a wí, ẹ má lé e. Bí ẹ bá lé e nítorí ohun tí mo kọ, ojoojúmọ́ ni n ó máa wá kọ nípa yín. Ẹ fi lẹ́tà ńlá kọ bébà yín kí arúgbó lè rí i. Ilé yín tutù jù. Gáàdì yín ń tú báàgì ẹni tó ń wọlé."

Ó kà á tán, ó ní, "Màmá, ẹ̀bẹ̀ kan, ẹ̀sùn mẹ́ta." Mo ní ṣebí ó sọ pé ìwé ẹ̀bẹ̀ kọ́ ni.

Lọ́jọ́ Ajé yìí, Elétè Pupa ti wà ní nọ́ńbà kẹrin. Kò kun ètè. Ó ti rù. Mo gbé àtùpà, mo tò sórí ìlà rẹ̀. Ọkùnrin oníbúrẹ́dì ọjọ́ yẹn wà lẹ́yìn mi. Ó rí ẹ̀yìn orí mi, ó bọ́ sórí ìlà mìíràn.

Ọmọbìnrin náà ní, "Ẹ̀yin ni."

Mo ní, "Èmi ni."

Ẹ̀rọ rẹ̀ ké. Ó yí ojú ẹ̀rọ náà sí mi. Ó ní, "Ẹ kà á."

Mo kà á sókè, kí gbogbo ìlà lè gbọ́. "Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án."

"Mi ò tíì dárí jì yín o. Ó lé ní oṣù méjì tí mo fi jókòó ti ìyá mi láìlè ra oògùn bó ṣe yẹ."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mi ò jẹ́ kó hàn. Mo ní, "Èmi náà ò tíì dárí jì ọ́. Bá mi fi sínú ọ̀rá."

"Ọ̀rá lówó tirẹ̀."

"Èló ni?"

"Bébà rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín níbẹ̀. Ẹ kà á."

Mo kà á. Ó wọ́n. Ọrùn ni mo di àtùpà mú títí délé, bí ẹni gbé adìyẹ.

Ó ku ìwọ. Àga tó ń yí tí mo fún ọ, mo ti gbà á padà. Lọ́jọ́bọ̀ ni mo dìde ní kíláàsì, mo ní ọmọ mi kì í ṣe ọ̀gá ibì kankan, pé orí ìdúró ló ti ń gbowó ọjà, wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́. Awakọ̀ rẹ́rìn-ín. Mo ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ìwé ìkìlọ̀ méjì tí wọ́n fún ọ, má jẹ́ kó di mẹ́ta. Obìnrin tó kọ ọ́ yẹn, òun náà lè má mú awò ojú rẹ̀ dání. Bó bá tún padà wá, rẹ́rìn-ín sí i, kó lè bínú.

Kọ nọ́ńbà ẹsẹ̀ rẹ sí mi. Mo rí bàtà kan tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀ bí òwú, lórí pẹpẹ tó sún mọ́ ilẹ̀. Mo ti wo iye rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni mo ti wò ó. Má dúpẹ́, mi ò tíì dárí jì ọ́.

Ìyá rẹ, lábẹ́ àtùpà ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án.